Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ayétòrò

Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ayétòrò wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òun ló so Abẹ́òkúta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, mọ́ Ayétòrò tó jẹ́ ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa. Kò gùn: ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 30. Láti Láfẹ́nwá, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, ó gba Rounder àti Ọlọ́rundá, ó wá kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá ń ti Ìtòkú tàbí Ìjẹmọ̀, ní òdìkejì ìlú náà, bọ̀ á kọ́kọ́ gorí afárá sọdá Odò Ògùn.

Oko ló pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà. Ẹ̀gẹ́, gàrí, àgbàdo, èédú àti gẹdú ni ọkọ̀ ń kó wọ Abẹ́òkúta, ọjà Láfẹ́nwá sì ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ ibẹ̀ ti ń balẹ̀. Àríwá Yewa ló fẹ̀ jù nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn (nǹkan bí kìlómítà 2,087 níbùú lóròó), nítorí náà ẹrù oko tó ń wá ọ̀nà àtidé ìlú kò kéré.

Ìmálà àti dáàmù Ọ̀yán wà ní apá àríwá ọ̀nà yìí. Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù náà, tí omi rẹ̀ ń lọ sí Abẹ́òkúta àti Èkó. Omi tó kún lé ilẹ̀ lé àwọn ará abúlé kan kúrò níbi tí wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ wọn di apẹja, àwọn onímọ̀ ìlera sì ti rí atọ̀sí ajá, àrùn inú omi tó ń mú kí èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, lára àwọn ọmọ wọn. Irú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tó dára ṣe pàtàkì fún jù, torí ilé ìwòsàn ńlá jìnnà sí wọn.

Ayétòrò jẹ́ ìlú ẹ̀kọ́. Comprehensive High School tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1963 lókìkí gan-an, ibẹ̀ náà sì ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan lọ sí Ìlaròó, òmíràn sì lọ sí Ìmẹ̀kọ nítòsí ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin Oshoffa sí, olùdásílẹ̀ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá tó kú lọ́dún 1985. Bí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, àwọn ọmọ ìjọ náà tó ń lọ síbẹ̀ máa ń kún ọ̀nà Ayétòrò.

Lábẹ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ọ̀nà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde ní ti àpapọ̀ nìkan ni ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó. Ìyókù wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Lágbègbè yìí, òjò àti ọkọ̀ tó rù ju agbára rẹ̀ ló ń ba ọ̀nà jẹ́ jù. Bí gọ́tà bá dí, omi á dúró sójú ọ̀dà, á wọ abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ pupa á rọ̀, taya ọkọ̀ gẹdú á sì gbẹ́ ibẹ̀ di kòtò.