Ìdíje ìbọn ẹlẹ́tù dúdú láti ọ̀nà jíjìn

Ìdíje ìbọn ẹlẹ́tù dúdú láti ọ̀nà jíjìn jẹ́ eré ìdárayá tí àwọn atamátàsé ti ń fi ìbọn ráífù tó ń lo ẹ̀tù dúdú ta àmì láti 800, 900 tàbí 1,000 yáàdì. Ẹgbẹ̀rún yáàdì tó mítà 914. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1860, ó sì tàn dé Scotland, Ireland, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà. Nígbà tí ẹ̀tù aláìléèéfín gbòde, díẹ̀ ló kù kí ó parẹ́, àmọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ jí i dìde ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní.

Ẹ̀tù àti èérí rẹ̀

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀ di ẹ̀tù dúdú: iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní saltpetre, èédú àti imí-ọjọ́. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, 75 jẹ́ saltpetre, 15 jẹ́ èédú, 10 tó kù jẹ́ imí-ọjọ́. Tó bá jó tán, èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ kì í di afẹ́fẹ́. Apá kan ń bá èéfín funfun jáde, apá kan ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Èérí yìí ló ń ba ìbọn títa jẹ́ jù, ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń kápá rẹ̀ sì ni gbòǹgbò eré yìí. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, èérí á le koránkorán, ọta tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní gba inú ọ̀pá kọjá bí ti ìṣáájú ṣe gbà á. Bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin, èérí á rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi aṣọ tútù nu inú ọ̀pá lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń lo ìbọn tí wọ́n ń ki nídìí lè ti ọ̀pá kékeré kan bọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì fẹ́ èémí ẹnu sínú rẹ̀ kí èérí lè rọ̀. Èyí tó wù kí èèyàn yàn, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó máa ṣe é bákan náà láìyí padà. Mélòó kan lára àwọn tí ọta wọn ń fọ́n káàkiri ni ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere. Ọwọ́ wọn ni kò ṣe déédéé.

Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa ń lo irú ẹ̀tù yìí kan náà, ṣùgbọ́n inú ọ̀pá rẹ̀ dán. Inú ọ̀pá ráífù ní ìlà tó lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu. Ìlà náà ló ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bó ṣe ń lọ, kí orí rẹ̀ má baà yẹ̀ kúrò lọ́nà.

Ìbọn Whitworth àti àwọn tó tẹ̀ lé e

Ní 1854, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí Joseph Whitworth, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Manchester, wádìí bí ráífù Enfield tí àwọn ọmọ ogun ń lò ṣe lè dára sí i. Ihò ọ̀pá Enfield fẹ̀ tó 0.577 ínṣì, ìlà inú rẹ̀ sì máa ń rin ínṣì 78 kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Whitworth ṣe ọ̀pá tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.451 ínṣì, ó ní igun mẹ́fà, ó sì ń yípo nínú ínṣì 20 péré. Ọta tó gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ló bá a mu. Nígbà tí wọ́n dán ìbọn méjèèjì wò ní 1857, ti Whitworth fi Enfield sílẹ̀ pátápátá, pàápàá bí ọ̀nà ṣe ń jìn sí i. Síbẹ̀ ìjọba kò gbà á fún ogun: owó rẹ̀ wọ́n jù, èérí sì tètè ń dí ihò tóóró rẹ̀. Ohun tí àwọn ológun kọ̀ ni àwọn atamátàsé gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni William Ellis Metford gbé ìlà tí kò jinlẹ̀ jáde, ó sì ń lo ọta tó le ju òjé lásán lọ. George Gibbs ní Bristol ló ń ṣe ìbọn rẹ̀ tà. Ní Dublin, John Rigby ń ṣe tirẹ̀.

Bí ọta ṣe ń rìn

Ọta tó ń wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 34 máa ń kúrò lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré tó tó 1,300 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó máa ń lò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ kó tó dé 1,000 yáàdì. Láàárín àkókò yẹn, ó ti gòkè tó nǹkan bí 40 ẹsẹ̀ bàtà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀. Bí atẹ́gùn tó ń sáré máìlì mẹ́wàá ní wákàtí kan bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, á gbé ọta náà yẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ni fífẹ̀ ojú àmì tí wọ́n ń ta nígbà náà. Ẹni tó ń yìnbọn ní láti máa wo àsíá, koríko àti bí ooru ṣe ń mì lórí ilẹ̀, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Nínú ohun gbogbo tó wà nínú eré yìí, èyí ló ń pẹ́ jù kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n.

Ohun ìfojúsun ẹ̀yìn jẹ́ irin tó ga tó ní ihò kékeré, tí wọ́n ń fi ìdè tẹ́ẹ́rẹ́ gbé sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Tiwájú ní òrùka, ó sì ń ní gíláàsì olómi tó ń fi hàn bí ìbọn bá tẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ń yìnbọn, wọn kì í sì gbé e lé igi tàbí àpò. Àwọn kan ń dojú bolẹ̀. Àwọn mìíràn ń fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ sí ọ̀nà àmì, wọ́n á sì gbé ọ̀pá ìbọn lé ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé kò lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ara kì í mì rárá báyìí.

Wimbledon àti Elcho

Wọ́n dá National Rifle Association sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1859. Ní oṣù Keje 1860, ní pápá Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria ló ta ọta àkọ́kọ́: wọ́n ti de ìbọn Whitworth mọ́ orí ohun ìgbéka, ó kàn fa okùn, ọta sì ba tòsí àárín àmì ní 400 yáàdì. Ní 1862, ìdíje Elcho Shield bẹ̀rẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ, ní 800, 900 àti 1,000 yáàdì. Ireland dara pọ̀ ní 1865, ó sì gba asà náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1873. Ìdíje Wimbledon kó lọ sí Bisley ní 1890.

Creedmoor, 1874

Lẹ́yìn tí Ireland borí, Arthur Blennerhassett Leech pe àwọn ará Amẹ́ríkà níjà nínú ìwé ìròyìn New York Herald. Ìpè yìí bá Amẹ́ríkà láìmúra. Ọdún 1871 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá National Rifle Association tiwọn sílẹ̀, pápá Creedmoor ní Long Island kò sì tíì ju ọdún kan lọ. Remington àti Sharps ni wọ́n yára ṣe ráífù ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń ki nídìí, nígbà tí àwọn Ireland mú Rigby tí wọ́n ń ki lẹ́nu wá. Rigby fúnra rẹ̀ wà lára wọn.

Ìdíje náà wáyé ní 26 oṣù Kẹsàn-án, 1874. Èèyàn mẹ́fà mẹ́fà ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àmì wọn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó ga ní mẹ́fà. Ojú rẹ̀ jẹ́ pọ́ìntì mẹ́rin, àyíká ojú jẹ́ mẹ́ta, etí rẹ̀ jẹ́ méjì. Ní 800 yáàdì, Amẹ́ríkà gba 326, Ireland gba 317. Ní 900, Ireland gba 312 sí 310. Ní 1,000, Ireland tún ṣáájú pẹ̀lú 302 sí 298. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 934 sí 931, Amẹ́ríkà ló borí.

Ohun méjì ló jẹ́ kí ọjọ́ náà di ìtàn. Èkínní, J. K. Milner ti Ireland ta ojú àmì gan-an, àmọ́ àmì ẹlòmíràn ni, nítorí náà wọn kò fún un ní nǹkan kan. Ká ní ó jẹ́ àmì tirẹ̀, mẹ́rin yẹn ì bá mú Ireland dé 935. Èkejì, ọta tó kẹ́yìn kan Ọ̀gágun John Bodine nígbà tí Ireland ti parí, tí Amẹ́ríkà sì fi pọ́ìntì kan gbẹ́yìn. Ìgò bíà atalẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ó fi aṣọ ìnujú di ọwọ́ náà, ó dùbúlẹ̀, ó sì ta ojú àmì. Henry Fulton ló ta jù ní ọjọ́ náà, ó gba 171 nínú 180.

Ní 1875 Amẹ́ríkà lọ sí Dollymount lẹ́bàá Dublin, wọ́n sì tún borí. Ní 1876, Ireland, Scotland, Kánádà àti Ọsirélíà wá sí Creedmoor fún ife ẹ̀yẹ Palma; Amẹ́ríkà ló gbà á, 3,126 sí 3,104 ti Ireland tó ṣe ìkejì. Láti ìgbà náà ló ti hàn pé ìbọn akìnídìí lè bá akìlẹ́nu dọ́gba ní ọ̀nà jíjìn, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà tẹ́lẹ̀. Irú ìbọn akìnídìí bẹ́ẹ̀ náà, Snider, dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ láti Èkó nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877.

Ìparẹ́ àti ìpadàbọ̀

Ní 1884, Paul Vieille ní Faransé ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín. Ó lágbára jù, kò ń dọ̀tí ìbọn bẹ́ẹ̀, ọta rẹ̀ sì ń yára ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Ìdíje Amẹ́ríkà kúrò ní Creedmoor lọ sí Sea Girt ní New Jersey ní 1892. Ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ló wà lórí ilẹ̀ pápá Creedmoor báyìí. Wọ́n ṣì ń ṣe ìdíje Elcho àti Palma, àmọ́ ráífù òde òní ni wọ́n fi ń ta wọ́n.

Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìbọn akìlẹ́nu ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1933, ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1952, àjọ àgbáyé MLAIC sì dé ní 1971. Ilé iṣẹ́ Pedersoli ní Ítálì ń ṣe ẹ̀dà ìbọn Gibbs, Shiloh Sharps ní Montana ń ṣe ẹ̀dà Sharps, nítorí náà kò di dandan kí èèyàn ní ìbọn àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka kan tún wà tí wọ́n ń fi ìbọn kátíríìjì ẹlẹ́tù dúdú ta ère irin: adìyẹ ní mítà 200, ẹlẹ́dẹ̀ ní 300, tòlótòló ní 385, àgbò ní 500. Ìnàró ni wọ́n ń ta adìyẹ, òun náà ló sì ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ jù.