Bí Wọ́n Ṣe Mọ Ìdí Tí Ọ̀dà Fi Ń Dì Tó Tún Ń Ṣàn

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀mọ́ṣọ̀n tó bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú máa ń dì bí ẹ̀kọ tó ti tutù. Ẹ ti igi bọ̀ ọ́, ẹ rò ó dáadáa, á tún máa ṣàn. Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti ara ògiri: bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń fà á ló ń tẹ́jú, búrọ́ọ̀ṣì kúrò, ó dúró síbi tí wọ́n kùn ún sí. Ọwọ́ akunlé ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí rẹ̀ ló pẹ́ kó tó yé àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ní 1906, Albert Einstein tẹ ìṣirò kan jáde: bí hóró kéékèèké bá wà nínú omi, báwo ni omi náà yóò ṣe ki tó? Nígbà tí Jacques Bancelin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, wọ̀n ọ́n wò ní Paris, gamboge ló lò, oje igi aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ayàwòrán ń fi ṣe ọ̀dà. Èsì rẹ̀ ju ti Einstein lọ fíìfíì. Einstein ní kí Ludwig Hopf, tó ń bá a ṣiṣẹ́, bá òun yẹ ìṣirò náà wò, Hopf sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Ní 1911 Einstein tún un ṣe: bí hóró bá gba ìdá 2 nínú 100 àyè tó wà níbẹ̀, kíki omi á fi ìdá 5 nínú 100 lé sí i. Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an, torí oje ọ̀dà ló tọ́ irú ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ sọ́nà.

Àmọ́ ìṣirò yẹn ka hóró kọ̀ọ̀kan sí anìkàngbé. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n há mọ́ra. Omi tí ọ̀kan bá tì ló ń ti èkejì. Ó di 1977 kí George Batchelor ní Cambridge tó ṣírò ohun tí hóró méjì ń fi ara wọn ṣe bí gbogbo wọn ṣe ń gbọ̀n nínú omi.

Ṣáájú ìyẹn, Eugene Bingham, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Amẹ́ríkà, ti rí i pé ọ̀dà kì í ṣe omi kíki lásán: bí a kò bá tì í dé ìwọ̀n kan, kò ní mira. Òun ló sọ ìmọ̀ ìṣàn yìí ní rheology, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1929.

Hermann Staudinger, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Jámánì, ti ń sọ láti 1920 pé rọ́bà jẹ́ àwọn átọ́ọ̀mù tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Ní 1953 ló gba ẹ̀bùn Nobel. Irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀mọ́ṣọ̀n, tó ń so hóró kan mọ́ èkejì. Igi ẹ̀gbọ́n mi ń tú wọn ká. Bí ọ̀dà bá dúró, wọ́n á tún di ara wọn mú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi kì í fi í bu omi sí i kó tó rò ó: omi tó bá pọ̀ á jẹ́ kí hóró jìnnà síra, ọ̀dà á sì máa kán sílẹ̀ lára ògiri oníbàárà.