Pésímékà tòkúnbọ̀ kẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sínú àyà

Ìròyìn kan ń jà ràn-ìn láàárín Ìbàdàn: wọ́n ní wọ́n ń yọ ẹ̀rọ lára òkú ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi í sínú àyà alààyè, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Láti Bódìjà dé Ọjà Ọba, kálukú ló ní ohun tó fi lé e. Àwọn ìbéèrè tó ń wọlé jù nìyí.

Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Àbùmọ́ tí wọ́n fi lé e ló pọ̀.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe?

Pésímékà ni. Iná mànàmáná kékeré kan wà tí ọkàn ń pèsè fúnra rẹ̀. Òkè ọkàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ọkàn á sì lù. Ọkàn tó wà ní ìsinmi máa ń lù tó ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀nà tí iná yìí ń gbà bá bàjẹ́, ó lè wálẹ̀ sí 30. Òyì á máa kọ́ onítọ̀hún, ó lè máa ṣubú lulẹ̀ lójijì. Pésímékà ń ṣọ́ ọkàn. Bó bá ti rí i pé ó pẹ́ jù kó tó lù, á ta á jí. Ẹni tó ni àyà kì í sábà mọ̀ ọ́n lára.

Arne Larsson, ará Sweden, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí lára pátápátá, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1958. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un ní ìgbà tó lé ní ogún. Ọdún 2001 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 86, jẹjẹrẹ ló sì pa á. Dókítà tó fi ẹ̀rọ sí i lára àti ẹnjiníà tó ṣe é ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ṣé òun náà ló wà lára Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark?

Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Nígbà tí Christian Eriksen ṣubú lórí pápá ní Copenhagen ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2021, ICD, ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń fi sínú àyà, ni wọ́n fi sí i lára. Pésímékà wà fún ọkàn tó ń lọ́ra. ICD wà fún ọkàn tó ń sáré àsápajúdé, débi pé ó kàn ń gbọ̀n ni, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Bí a kò bá dá irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ikú ni. ICD lè kọ́kọ́ fi iná kéékèèké tún un ṣe. Bí ọkàn kò bá gbọ́, á fún un ní iná ńlá. Ó ń dunni, kì í ṣe eré. Baltimore ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sí èèyàn lára, ní oṣù kejì 1980. Michel Mirowski ló léwájú iṣẹ́ náà, ikú òjijì tó pa ọ̀gá rẹ̀ ló sì sún un dé ìdí rẹ̀.

Òfin Ítálì kò gbà kí ẹni tó ní ICD gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ni Eriksen bá kúrò ní Inter Milan bọ́ sí Brentford. Ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Denmark ní Euro 2024.

Ẹ má fi ìgbọ̀n ọkàn yìí pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn bá dí. ICD kì í la iṣan.

CRT ńkọ́?

Ẹ̀rọ kẹta nìyẹn, ti ọkàn tó ti rẹ̀, tí apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀ kò lù pọ̀ mọ́. Wáyà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, kí apá méjèèjì lè máa lù papọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ ló yẹ fún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa púpọ̀ nínú àárẹ̀ ọkàn lọ́dọ̀ wa, oògùn ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi CRT sí lára tó wá ju oògùn nù, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ padà sí ti òkú. Ṣé kò léwu?

Wọn kì í jí i yọ. Àwọn ẹbí ló ń yọ̀ǹda rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sìnkú wá. Yunifásítì Michigan ló wà nídìí ètò náà. Wọ́n á wo bátìrì bóyá ó ṣì lọ́jọ́ lórí, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dán an wò, wọ́n á pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀, wọ́n á sì so ó mọ́ wáyà tuntun. Àwọn tí agbára wọn kò ká tuntun ni wọ́n ń fún. Ní oṣù kọkànlá 2024, níbi ìpàdé American Heart Association, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí nǹkan bí 300 aláìsàn ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà pẹ̀lú. Àwọn kan gba tuntun, àwọn kan gba èyí tí wọ́n ti lò rí. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ti àlòkù kò burú ju tuntun lọ.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, wọn kì í tún un lò fún ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn tó ṣe é ní kí a lò ó. Inú lè bí èèyàn sí ìyẹn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 30, tí kò sì ní mílíọ̀nù náírà lọ́wọ́, kò fi tuntun sílẹ̀ mú àlòkù. Ẹni tó bá ti ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ rí ní Gate mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ bi dókítà bẹ́ẹ̀. Ní ti pé ẹ̀mí òkú á tẹ̀ lé e wá, irin àti bátìrì ni.

Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Kò kàn wọ́n. Bátìrì rẹ̀ ń lò tó ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àyẹ̀wò á sì ti fi hàn tipẹ́ pé ó ń lọ sópin.

Ṣé kò ní í jẹ́ kí èèyàn kú?

Á kú. Ẹran ọkàn tó bá ti kú kì í dá iná lóhùn.

Wọ́n máa la àyà ni?

Rárá, awọ abẹ́ eegun èjìká ni, ní apá òsì lọ́pọ̀ ìgbà. Wáyà á gba inú iṣan wọ ọkàn. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má gbé apá yẹn kọjá èjìká, kí wáyà má baà yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wé gèlè yín, kó gún iyán, kó fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Fóònù àti ilẹ̀kùn báńkì ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí fóònù jìnnà sí ẹ̀rọ náà tó sẹ̀ǹtímítà 15. Èyí túmọ̀ sí pé àpò agbádá tó wà láyà òsì kì í ṣe ibi ìfóònù-sí mọ́. Ní báńkì, ẹ fi káàdì ẹ̀rọ yín han ẹ̀ṣọ́, ẹ sì kọjá láìdúró pẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣe wẹ́dà gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó padà síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe MRI, àyẹ̀wò tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní ẹ̀rọ kí ẹ tó wọlé.

Kí ló wá yẹ ká bẹ̀rù?

Ojú ọgbẹ́ tó pọ́n, tó wú tàbí tó ń ṣe ọyún: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi àgbo pa á, ẹ má fín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀. Bí ICD bá ta iná lẹ́ẹ̀kan, tí ara sì yá, ẹ pe dókítà yín lọ́jọ́ náà. Bó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tí ara kò yá, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀rọ lọ ni ìdákú tí a ń pè ní wárápá tàbí ọwọ́ ayé láìṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń wo bí iná ọkàn ṣe ń rìn. Àyẹ̀wò náà kì í dunni, kì í sì í pẹ́. Ẹni tó ń dákú lójijì, pàápàá níbi iṣẹ́ agbára, tàbí tí irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ ti pa èwe nínú ẹbí rẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn. Wọ́n wà ní UCH.

Bí ẹnìkan bá ṣubú níwájú wa, tí kò mí mọ́ ńkọ́?

Ẹ má da omi sí i lójú, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Kí ẹnìkan pe 112, kí ẹlòmíràn wá mọ́tò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé ọwọ́ kan lé èkejì ní àárín àyà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí olùrànlọ́wọ́ á fi dé. Bó bá ní ICD, ẹ má tìtorí rẹ̀ fà sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá ta iná nígbà tí ọwọ́ yín wà lára rẹ̀, ọwọ́ lè ta yín díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.