John B. Fenn àti electrospray

John Bennett Fenn (15 Oṣù Kẹfà 1917 – 10 Oṣù Kejìlá 2010) jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun àti Koichi Tanaka ará Japan ni wọ́n jọ gba ìdajì Ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì lọ́dún 2002. Kurt Wüthrich ló gba ìdajì kejì nítorí iṣẹ́ mìíràn. Electrospray ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún Fenn lẹ́bùn: ọ̀nà tí mólékù fi ń gbéra kúrò nínú omi, tó sì ń dé orí òṣùwọ̀n láìfọ́. Orí iṣẹ́ yìí ni apá tó pọ̀ jọjọ nínú metabolomics jókòó lé, ìyẹn wíwá àwọn mólékù kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀, ewé tàbí èso rí, kí a sì kà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésí ayé

New York ni wọ́n bí i sí, Berea ní Kentucky ló ti dàgbà. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yale lọ́dún 1940, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kẹ́míkà, ó kọ́ni ní Princeton, ó sì padà sí Yale ní 1967. Ẹni ọdún 67 ni nígbà tí àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí electrospray kọ́kọ́ jáde ní 1984. Ó kọjá sí Virginia Commonwealth University ní 1994.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Òṣùwọ̀n ni mass spectrometer, àmọ́ ohun tó bá ti di gáàsì tó sì ru iná mànàmáná nìkan ló lè wọ̀n. Láyé àtijọ́, ooru ni wọ́n sábà fi ń sọ nǹkan di gáàsì. Kò burú fún ohun tó fúyẹ́. Ní ti purotéènì, ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn gbé ẹyin sórí iná pé kó fò: yóò jinná, yóò jóná, kò ní fò.

Malcolm Dole, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Amẹ́ríkà, ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní 1968, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí i. Fenn gba inú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fọ́n omi jáde, abẹ́rẹ́ náà sì gbé iná ẹgbẹ̀rún mélòó kan volt. Omi á tú sí ẹ̀kán wínníwínní. Ó wá rán gáàsì nitrogen gbígbẹ pàdé wọn, kó máa fẹ́ omi kúrò lára mólékù bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà. Ibi gáàsì yìí gan-an ni ọgbọ́n wà.

Purotéènì kan lè ru ogún iná lẹ́ẹ̀kan, ìwúwo tí a pín sí iye iná sì ni ẹ̀rọ ń kà. Myoglobin, purotéènì kan tó wà nínú ọkàn ẹṣin, wúwo tó nǹkan bí 16,951 dalton (òṣùwọ̀n ìwúwo mólékù). Bó bá ru 20, orí 849 ni yóò ti hàn. Fenn fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ yìí wé fífún erin ní ìyẹ́.

Àpẹẹrẹ kóró kajú

Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, tí oko kajú ti pọ̀, ọmọ tó bá fi eyín fọ́ kóró kajú tútù yóò mọ̀ ọ́n lára: ètè rẹ̀ á bó. Anacardic acid tó kún inú èèpo kóró náà wà lára ohun tó ń fà á. Bí wọ́n bá ń yan án, ooru a lé carbon dioxide kúrò lára rẹ̀, á sì di cardanol.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń lo ooru lè ṣe ohun kan náà. Anacardic acid lèèyàn gbé sí i, cardanol ni yóò wọ̀n. Electrospray kì í yan nǹkan kó tó wọ̀n ọ́n. Bí a bá ka èyí tó ru iná òdì (negative), orí 341, 343 àti 345 ni oríṣi anacardic acid mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù máa ń hàn sí. Hydrogen méjì méjì ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Bí a bá wá mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ 341 nínú ẹ̀rọ, 44 á jáde, á ku 297. 44 yẹn ni carbon dioxide, ohun kan náà tí iná ń lé jáde ní àgbàlá àwọn tó ń yan kajú.

Irú ìwádìí báyìí bá ewúro àti àwọn ewé mìíràn mu pẹ̀lú, ó sì ṣeé ṣe kó wúlò fún LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1990. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú mass spectrometer kì í sùn. Tọ̀sán tòru ló ń fẹ́ iná.

Ipa àti ààlà

Matthias Mann, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Fenn, di àgbà nínú ìwádìí purotéènì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé ń fi electrospray yẹ ẹ̀jẹ̀ ìkókó wò fún àìsàn àbímọ́. Kì í ṣe gbogbo mólékù ló ń gbà fún un: ọ̀rá tí kò gba iná kì í hàn dáadáa, iyọ̀ púpọ̀ sì máa ń bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀.

Ẹjọ́

Fenn àti Yale jà lórí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí ìwé àṣẹ àwárí (patent) electrospray, tí Fenn gbà ní orúkọ ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá Yale láre ní 2005, ó sì ní kí Fenn san owó fún un.