Boeing 717: Ọmọ Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Nílé Ẹlòmíràn

Bàálù Boeing 777, tí ilé-iṣẹ́ Boeing ti Amẹ́ríkà ṣe, ti ń fò láti 1994. Báwo ni 717 ṣe wá jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní 1998, tí kò tún jọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Torí pé kì í ṣe ọmọ bíbí ilé Boeing ni. Ẹ wo 737 ní pápákọ̀ òfurufú: abẹ́ apá ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà. Ti 717, ẹ̀yìn ló wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ìyẹ́ tó dábùú ìrù rẹ̀ sì wà lókè téńté bíi lẹ́tà T. Ẹ wọ inú rẹ̀, ìjókòó méjì lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Bí DC-9 tí ilé-iṣẹ́ Douglas kọ́kọ́ gbé fò ní 1965 ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. MD-95 ni McDonnell Douglas ń pè é nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀ ní California. Nígbà tí Boeing gba ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù Kẹjọ 1997, ó gba oyún inú rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀.

Àwọn wo ni McDonnell àti Douglas?

Ilé méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Donald Douglas dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní California ní 1921. Òun ló ṣe bàálù èrò DC-3, tó kọ́kọ́ fò ní 1935. James McDonnell bẹ̀rẹ̀ ní St. Louis ní 1939, bàálù ogun ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wa tó bá Nigeria Airways rìn láyé ọjọ́un yóò rántí DC-10. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì dàpọ̀ ni wọ́n ṣe é.

Kí ló mú wọn dàpọ̀? Ṣebí ọjà Douglas ń tà?

Ó ń tà, ibi tó ta kókó sí gan-an nìyẹn. Ní 1966, àwọn tó fẹ́ DC-8 àti DC-9 pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ Douglas ká lọ. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀yà ara bàálù àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ sì di ọ̀wọ́n. Ìgbà tí bàálù bá dé ọwọ́ oníbàárà ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ń wọlé. Ẹ fojú inú wo bàálù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnì nìkan ló kù: owó irin ti lọ, owó oṣù òṣìṣẹ́ ti lọ, èlé báńkì ń gorí ara wọn, bàálù sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni gbèsè ń ga sí i. McDonnell ní owó lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹrin 1967 wọ́n di ọ̀kan, orúkọ McDonnell ló sì ṣíwájú.

Ṣé gbèsè ló tún gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Boeing?

Rárá, iṣẹ́ ọjọ́ iwájú ni kò sí. Ní 1993, lẹ́yìn tí ìfagagbága Amẹ́ríkà pẹ̀lú Soviet ti tán, William Perry, igbákejì mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ohun ìjà, nídìí oúnjẹ alẹ́ ní Pentagon, olú ilé-iṣẹ́ ètò ààbò wọn, pé owó ìjọba kò ní lè bọ́ gbogbo wọn mọ́. Ìdàpọ̀ wá ń tẹ̀lé ìdàpọ̀: Northrop Grumman ní 1994, Lockheed Martin ní 1995. Ní oṣù Kọkànlá 1996, Pentagon yọ McDonnell Douglas kúrò nínú ìdíje bàálù ogun tuntun. MD-11, bàálù ńlá tí wọ́n ṣe tẹ̀lé DC-10, kò sì tà bí wọ́n ṣe fẹ́. Láàárín oṣù kan, wọ́n kéde pé Boeing yóò gbà wọ́n, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 13.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń sọ pé owó Boeing ni McDonnell Douglas fi ra Boeing?

Torí ibi tí agbára bọ́ sí. Harry Stonecipher, ọ̀gá McDonnell Douglas, di igbákejì nínú ilé tuntun, ó sì di ọ̀gá pátápátá ní 2003. Ní 2001, wọ́n kó olú ilé-iṣẹ́ kúrò ní Seattle lọ sí Chicago, ó jìnnà sí àwọn tó ń kan bàálù. Mo gbà pé ìyẹn ló dun àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ jù.

Ẹ tún wo àmì Boeing òde òní, òbìrìkìtì tí nǹkan yí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Ọ̀dọ̀ McDonnell Douglas ló ti wá. Ó wá láti ìrántí 1924, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi bàálù Douglas yí ayé ká fún ìgbà àkọ́kọ́. Seattle, ìlú Boeing, ni wọ́n ti gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì padà sí.