Bí wọ́n ṣe ń dá àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń polongo nípa jẹjẹrẹ ọmú lọ́lá l'Amẹ́ríkà

L'Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ọmú ò mú obìnrin aláwọ̀ dúdú tó bó ṣe ń mú aláwọ̀ funfun, ó dín díẹ̀, àmọ́ tó bá di ti ikú, tiwọn fi nǹkan bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ara ohun tó fà á ni pé oríṣi tí wọ́n ń pè ní triple-negative, tó le tó sì tún máa ń yára tàn ká, ń mú wọn tó ìlọ́po méjì. Àwọn ìdí yòókù, ọwọ́ ètò ìlera ló wà: ṣé wọ́n tètè rí i àbí ó ti pẹ́, ṣé ìnṣọ́ráǹsì wà, ṣé dókítà fetí sí wọn àbí ó ní kí wọ́n ṣáà máa lọlé. Irú nǹkan báyìí ni àwọn obìnrin tó ń polongo ń bá jà, ìdí sì nìyẹn tí àdúgbò fi ń fún wọn ní àwọ́ọ̀dù.

Kí October tó dé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí láti 1985 ni wọ́n ti ya oṣù yẹn sọ́tọ̀ fún jẹjẹrẹ ọmú. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwòsàn àbí ẹgbẹ́ àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà á ní kí aráàlú mú orúkọ wá, kí wọ́n kọ ohun tẹ́ni náà ṣe àti àwọn tó lè jẹ́rìí ẹ. Ibí ló dùn jù. Wọ́n lè mú orúkọ obìnrin onísálúùnù kan wá, tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá ti jókòó sábẹ́ dráyà, á bi í pé "Ṣé ẹ ti lọ ya àwòrán ọmú yín lọ́dún yìí?", ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, tónítọ̀hún bá ní òun ò tíì lọ, á gbé fóònù á bá a gba ọjọ́ nílé ìwòsàn kó tó dìde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ tí kò wọ̀ ọ́ létí, tẹ́ni tó ń bá a ṣerun á wọ̀ ọ́.

Ìgbìmọ̀ ló máa yan ẹni tó yẹ, ó sì gbọ́dọ̀ ní àwọn tó ti ṣàìsàn yẹn rí nínú, torí àwọn ló mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gbajúmọ̀ àtẹni tó ń wa èèyàn lọ gba kẹmó, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, láàárọ̀ kùtù. Karen Eubanks Jackson tó dá Sisters Network, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí jẹjẹrẹ ọmú ti ṣe rí, sílẹ̀ ní Houston ní 1994, jẹjẹrẹ ọmú ṣe òun náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé dókítà n'Ìbàdàn, gba àwọ́ọ̀dù ńlá ti MacArthur ní 2005 lórí iṣẹ́ ẹ ní Chicago nípa bí jẹjẹrẹ ọmú ṣe ń ti inú ìdílé wá. Iyì ńlá nìyẹn o, ṣùgbọ́n ti àdúgbò náà níyì, torí ẹni táwọn èèyàn lè lọ bá nílé ni wọ́n ń fún.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe á gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọmú síwájú gbọ̀ngàn. Àtọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ ìjọba ti ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lẹ́ni 40 ọdún, kó máa ṣe é lọ́dún méjì-méjì títí dé 74, ẹni tí ìyá tàbí àbúrò ẹ bá sì ti ní in rí, kó tètè bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ètò ìjọba kan tún wà tó ń ṣàyẹ̀wò náà fún àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn, òfin 1990 ló gbé e kalẹ̀, torí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí á máa bá wọn kọ orúkọ sílẹ̀.

Àwọ́ọ̀dù tó bá parí sí fọ́tò, wọ́n fi ṣòfò ni. Èyí tó dáa máa ń ní owó díẹ̀ nínú tónítọ̀hún á fi rọ epo sọ́kọ̀, ilé ìwòsàn á sì pè é síbi tí wọ́n ti ń ṣèpinnu. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á pe gbogbo orúkọ tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi wọ́n bóyá èsì ti dé, ẹni tí wọ́n bá sì rí kókó lọ́mú ẹ, wọ́n á wá ẹni tó máa tẹ̀ lé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà.