Ìdajì processor ni wọ́n fún un, báwo ló ṣe ń lo ju ọ̀kan lọ? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí LPAR

Ìbéèrè: Kí ni LPAR (logical partition) tí àwọn alábòójútó AIX, ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà Power ti IBM, kì í yéé dárúkọ?

Ìdáhùn: LPAR ni apá kan lára kọ̀ǹpútà ńlá tí a ti pín, tí apá náà sì ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni odindi kọ̀ǹpútà: ó ní AIX tirẹ̀, ó ní mẹ́mórì tirẹ̀, ó ní orúkọ tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí ó bá sì kú, àwọn tó kù á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Láti ọdún 1988, tí IBM gbé PR/SM, ètò tó ń pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀nà púpọ̀, jáde, ni irú ìpín bẹ́ẹ̀ ti wà lórí àwọn mainframe wọn. Ní ti AIX, kọ̀ǹpútà p690 tó ń lo processor POWER4 ló mú LPAR dé ní ọdún 2001, odindi processor sì ni a máa ń fún LPAR nígbà náà, nítorí náà kò sí ohun tó rújú nínú ọ̀rọ̀ náà. POWER5 tó dé ní ọdún 2004 ló sọ ọ́ di àdììtú, nítorí láti ìgbà náà ni a ti lè fún LPAR ní ìdá kan péré nínú mẹ́wàá processor kan.

Ìbéèrè: Mo fún LPAR kan ní 0.5 processor, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ lparstat, àṣẹ AIX tó ń fi ìlò processor hàn, 240 ni mo rí lábẹ́ %entc. Ṣé ẹ̀rọ náà ń parọ́ ni?

Ìdáhùn: Kò parọ́ rárá. Ẹ jẹ́ ká wo irú ìlà tí ẹ máa rí:

%user %sys %wait %idle physc %entc
71.2 18.5 0.3 10.0 1.20 240.0

Physc ni ìwọ̀n processor tí LPAR náà lò ní tòótọ́. %Entc ń fi ìyẹn wé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pín 1.20 sí ọ̀nà 0.5, tí ẹ sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, 240 ni yóò jáde. Ohun tó ń da ènìyàn láàmú ni pé a máa ń ka 0.5 yẹn sí òpin ohun tí LPAR lè lò, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ni, ìyẹn ohun tí hypervisor, ètò tó wà nísàlẹ̀ gbogbo AIX tó wà lórí ẹ̀rọ náà, ti ṣèlérí pé kò ní fi du ú nígbàkígbà tó bá nílò rẹ̀. Mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá mẹ́wàá ni hypervisor fi ń pín àsìkò. Ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 0.5 ní mílísẹ́kọ́ǹdì márùn-ún nínú mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lò ó tán, èyí tó ṣẹ́kù á padà sínú àpò àjọlò, LPAR tí a kò pààlà fún, èyí tí wọ́n ń pè ní uncapped, sì lè bù ú lò.

Ẹ fi ojú inú wo agboolé tó ní ẹnu ẹ̀rọ omi mẹ́jọ. Wọ́n ti bá ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe àdéhùn àsìkò tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìdílé kan kò bá jáde wá pọn omi láàárọ̀, kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ̀rọ omi náà dúró lásán. Ìdílé tó ní ìfọṣọ púpọ̀ lè pọn tirẹ̀ kó sì pọn tàwọn tó ṣì ń sùn. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò lè dúró sí ẹnu ẹ̀rọ omi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Iye ẹni tí ìdílé náà rán wá pọnmi ni virtual processor. LPAR tó ní virtual processor méjì kò lè lo ju 2.0 lọ láéláé, bó ti wù kí àpò àjọlò kún tó.

Èrò tèmi ni pé 240 fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà ti fi oṣù mẹ́ta jẹ 1.2, ó sì ti mọ́ wọn lára. Lọ́jọ́ ìparí oṣù tí gbogbo LPAR bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, àpò á gbẹ, kálukú á padà sórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín pé ẹ̀rọ ti dẹnu kọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Nítorí náà, bí ètò kan bá ṣe pàtàkì, ẹ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìtòsí ohun tó ń lò lójoojúmọ́. Ìwọ̀n uncapped, tó máa ń wà láàárín 0 sí 255, kàn ń sọ bí a ṣe máa pín àjẹkù láàárín àwọn tó ń du ú ni. Kì í fi kún ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. LPAR tí ẹ bá fún ní 0 kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ pààlà fún.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí n kò ṣe kúkú fún gbogbo wọn ní virtual processor tó pọ̀, kí ọwọ́ wọn lè gùn?

Ìdáhùn: Nítorí pé ẹ̀tọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò jọ pín. Bí 0.5 bá wà lórí virtual processor méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mílísẹ́kọ́ǹdì méjì ààbọ̀; bí ẹ bá sọ wọ́n di márùn-ún, mílísẹ́kọ́ǹdì kan péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àpò bá gbẹ, iṣẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọra ni wọn yóò ti dá a dúró, bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí wọ́n dá dúró náà ló di kọ́kọ́rọ́ dátábéèsì mú, àwọn yòókù á máa dúró dè é. AIX máa ń ká èyí tí kò níṣẹ́ kò, èyí sì dín ìṣòro náà kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye tí AIX ń kà tàn yín jẹ, o. Lórí POWER8 tí SMT rẹ̀, ìyẹn iye okùn iṣẹ́ tí processor kan lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, wà ní 8, virtual processor méjì á hàn gẹ́gẹ́ bí mẹ́rìndínlógún. Mo ti rí olùgbéṣẹ́ tó ka mẹ́rìndínlógún náà, tó sì to ètò rẹ̀ bí ẹni tó ní mẹ́rìndínlógún ní tòótọ́. Ìdajì processor kan ni wọ́n sanwó fún.

Ìbéèrè: Mo fi 8 GB kún mẹ́mórì LPAR kan láti HMC, kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí àwọn LPAR, láìpa á, ó sì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí a pa á tí a tún tan án, 8 GB náà ti lọ. Ta ló kó o?

Ìdáhùn: Profile, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣètò LPAR tó wà lórí HMC, ló kó o. Ohun tí LPAR ń lò lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a kọ sínú profile rẹ̀. DLPAR, bí wọ́n ṣe ń pe àfikún láìpa ẹ̀rọ, máa ń yí ti ọwọ́lọ́wọ́ padà. Ó lè ṣàìfọwọ́ kan profile bí a kò bá ti sọ fún HMC pé kí ó máa mú méjèèjì bára mu. Bí ẹ bá tẹ shutdown -Fr láti inú AIX, LPAR náà kàn tún ara rẹ̀ gbé dìde pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á pátápátá, tí ẹ sì lọ sí HMC láti fi profile jí i, ohun tí a kọ síbẹ̀ ní ọjọ́sí ni yóò kà. Ó ti ṣe mí rí, ní agogo méjì òru, ní ibi iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ: dátábéèsì kọ̀ láti dìde, torí mẹ́mórì tó ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣe DLPAR tán, profile ni mo máa ń ṣí tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi maximum mẹ́mórì, ìyẹn òpin tí a lè fi kún un dé láìpa á, sí òkè réré, kí n má baà pa á mọ́ lọ́jọ́ iwájú?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, àmọ́ owó rẹ̀ wà. Maximum ni hypervisor fi ń díwọ̀n tábìlì tó fi ń tọpa mẹ́mórì LPAR náà, kì í ṣe iye tí ẹ fún un. Lórí àwọn ẹ̀rọ POWER5 títí dé POWER7, ìdá kan nínú 64 maximum ni. LPAR tó ń lo 16 GB, tí maximum rẹ̀ jẹ́ 256 GB, á gba 4 GB lórí ẹ̀rọ náà fún tábìlì nìkan. Ìlọ́po méjì ohun tó ń lò lónìí ni èmi máa ń fi sí.

Ìbéèrè: HMC kò gbà mí láyè láti ṣe DLPAR rárá, bẹ́ẹ̀ LPAR náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: RMC ni, ètò tí HMC àti AIX fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. HMC kì í dédé fa mẹ́mórì tàbí processor yọ. Ó máa ń bá AIX sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí AIX lè fúnra rẹ̀ tú u sílẹ̀. Port 657 ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, fún TCP àti UDP, nítorí náà bí ẹni tó ń bójú tó firewall bá tì í láìsọ fún yín, kò sí ohun mìíràn tí yóò bàjẹ́ àyàfi èyí. Ẹ fi lssrc -s ctrmc wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ tí HMC kò sì rí i síbẹ̀, ẹ wo bóyá inú ẹ̀dà ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ti da LPAR náà kọ, torí ẹ̀dà máa ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ RMC ti àkọ́kọ́ wá, méjèèjì á sì máa jẹ́ orúkọ kan náà lójú HMC.